Wi-Fi àti Bluetooth laptop mi kú lẹ́ẹ̀kan náà, Airplane mode sì kọ̀, kò fẹ́ kú

Alátẹ̀wé
Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Lánàá, mo ń fi aṣọ tí mo rẹ sómi díẹ̀ nu eruku orí kíbọ́ọ̀dù laptop mi, n kò sì pa á kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀bi mi nìyẹn. Nígbà tí mo nù ún tán, mo rí i pé àmì Wi-Fi tí ó máa ń wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago, kò sí níbẹ̀ mọ́, àwòrán ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan ni ó jókòó sí ipò rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú kan náà ni mouse mi, tí Bluetooth ni ó ń lò, dákẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Windows 11 ni mo ń lò. Mo wọ inú Settings, mo lọ sí Network & internet, mo bá Airplane mode (ètò tí ó ń pa Wi-Fi àti Bluetooth lẹ́ẹ̀kan náà) ní títan. Mo pa á. Ó kú fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó sì tún tan ara rẹ̀ níṣojú mi, bí ẹni pé ẹnìkan wà lẹ́yìn mi tí ó ń bá mi ṣeré. Mo ti pa kọ̀ǹpútà náà tí mo sì tún tan án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ohun kan náà ni ó ń ṣe. Fóònù mi ń rí Wi-Fi ilé dáadáa, òun ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ìbéèrè méjì ni mo ní. Èkíní, kí ni kí n ṣe kí ó lè padà bọ̀ sípò? Èkejì, ó pẹ́ tí ó ti wù mí láti máa pa Wi-Fi nígbà tí mo bá fẹ́ jókòó kọ̀wé láìsí ìdíwọ́, ẹ̀rù sì ń bà mí nísinsìnyí pé bí mo bá fọwọ́ ara mi pa á, n kò ní mọ bí mo ṣe máa tan án. Níbo gan-an ni ó yẹ kí ènìyàn ti máa pa á?


Bàbá Àtúnṣe
Ọjọ́ Ajé, 8:51 alẹ́

Alátẹ̀wé, ẹ má fòyà, ohun tí ẹ sọ ti là wá lójú díẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí fóònù yín ń rí Wi-Fi, ọwọ́ router, ẹ̀rọ tí ń pín Wi-Fi nílé, mọ́. Ti pé Wi-Fi àti Bluetooth kú ní ìṣẹ́jú kan náà kò sì túmọ̀ sí pé nǹkan méjì ló bàjẹ́. Lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ laptop, inú káàdì kékeré kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń gbé, wọ́n sì sábà máa ń pín eriali lò, nítorí náà ohunkóhun tí ó bá pa káàdì náà lẹ́nu mọ́ ti pa àwọn méjèèjì lẹ́nu mọ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun kan tí kì í yé ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí pé òun ni yóò dáhùn ìbéèrè yín méjèèjì. Ibi tí a ti lè pa Wi-Fi lórí laptop ju ẹyọ kan lọ, àwọn ibẹ̀ kò sì mọ ọ̀rọ̀ ara wọn tán. Àkọ́kọ́ ni bọ́tìnì tí ó wà lára laptop fúnra rẹ̀. Èkejì ni inú Windows, níbi tí Airplane mode àti bọ́tìnì Wi-Fi wà. Ẹ̀kẹta jìnnà sí ojú, inú Device Manager tàbí ojú ewé Network Connections ni, níbi tí a ti lè sọ fún Windows pé kí ó má tilẹ̀ ka káàdì náà sí rárá. Ibi tí a bá ti pa á ni a ti gbọ́dọ̀ tan án. Bí ènìyàn bá fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn yàrá láti ìta, ẹni tí ó wà nínú lè fa ìdè títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ilẹ̀kùn kò ní ṣí.

Ẹ wo ìlà òkè kíbọ́ọ̀dù yín, láti F1 dé F12. Ẹ má ṣe gba nọ́mbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí pé kò dọ́gba láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn. Àwòrán ni kí ẹ wá. Ó lè jẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, ó sì lè jẹ́ òpó eriali tí ìgbì ń jáde lára rẹ̀. Lórí àwọn kan, ẹ óò di Fn mú kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, lórí àwọn mìíràn, títẹ̀ lásán ti tó. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì ka ení dé ẹẹ́wàá. Ohun tí ó ń kó bá ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìkánjú: bọ́tìnì kan náà ni ó ń pa, òun náà ni ó ń tan, bí ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin léraléra, ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹ óò bá ara yín.

Bí laptop náà bá ti dàgbà, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti iwájú rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ti àtijọ́ ní bọ́tìnì pẹlẹbẹ tí a máa ń tì síwá sẹ́yìn, àpò tí a fi ń gbé kọ̀ǹpútà sì lè tì í láìjẹ́ pé ẹni tí ó gbé e mọ̀. Ẹ sọ fún mi bí iná kékeré kan bá wà lórí tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnì náà, àti àwọ̀ tí ó ní.


Ìyá Ìbejì
Ọjọ́ Ajé, 9:20 alẹ́

Ọ̀rọ̀ mouse yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi ṣe é. Mo ka ibì kan pé Bluetooth ń jẹ bátìrì, mo sì lo mouse láti tẹ bọ́tìnì tí ó pa Bluetooth. Ọfà orí kọ̀ǹpútà dúró gbagidi lórí bọ́tìnì náà gan-an, ó ń wò mí, èmi náà ń wò ó. Pátákó ìfọwọ́rá tí ó wà nísàlẹ̀ kíbọ́ọ̀dù, mo ti pa òun náà láti ọjọ́ pípẹ́ nítorí pé àtàǹpàkò mi máa ń gbá a nígbà tí mo bá ń tẹ̀wé.

Alátẹ̀wé, bí ẹ kò bá ní mouse lọ́wọ́ báyìí, kíbọ́ọ̀dù nìkan tó láti ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ di bọ́tìnì Windows mú, kí ẹ tẹ A. Àpótí kékeré kan yóò ṣí ní igun ìsàlẹ̀, nínú rẹ̀ ni Wi-Fi, Bluetooth àti Airplane mode wà. Ẹ fi àwọn bọ́tìnì olọ́fà rìn láti orí ọ̀kan sí èkejì, ìlà kan yóò máa yí èyí tí ẹ wà lórí rẹ̀ ká, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnì gígùn tí a fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ nígbà tí ẹ bá dé orí èyí tí ẹ fẹ́. Bí mo ṣe jí Bluetooth mi dìde nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, mouse oníwáyà kan kì í kúrò nínú dúrọ́ọ̀ mi.


Alátẹ̀wé
Ọjọ́ Ajé, 9:47 alẹ́

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin méjèèjì. Bọ́tìnì olọ́kọ̀ òfuurufú wà níbẹ̀ lóòótọ́, F12 ni lórí tèmi. Iná kékeré kan wà lórí rẹ̀, àwọ̀ ọsàn ni, mo sì rántí pé funfun ni ó máa ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Iná náà di funfun, ọ̀rọ̀ kan jáde lójú kọ̀ǹpútà pé Airplane mode ti kú, inú mi dùn. Kí n tó ka ẹẹ́ta, iná náà ti tún pọ́n padà, ọ̀rọ̀ mìíràn sì jáde pé ó ti tàn. N kò fọwọ́ kàn án ní ẹ̀ẹ̀kejì rárá. Kò sí bọ́tìnì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ laptop náà.


Kánjúkánjú
Ọjọ́ Ajé, 10:02 alẹ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kò ha ń fi ọ̀rọ̀ gùn bí? Kí ó wọ inú Settings, kí ó lọ sí Advanced network settings, kí ó tẹ Network reset, ọ̀rọ̀ ti tán. Bí ìyẹn kò bá ṣiṣẹ́, kí ó yọ káàdì náà kúrò nínú Device Manager, kí ó sì tún Windows tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí èmi máa ń ṣe nìyẹn.


Bàbá Àtúnṣe
Ọjọ́ Ajé, 10:30 alẹ́

Kánjúkánjú, àbúrò mi, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Network reset kì í ṣe ohun tí a fi ń bẹ̀rẹ̀. Yóò yọ gbogbo káàdì nẹ́tíwọ̀kì kúrò, yóò sì tún wọn tò bí ìgbà tí wọ́n dé láti ilé iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ aṣínà gbogbo Wi-Fi tí kọ̀ǹpútà náà ti mọ̀ lè bá a lọ, bí ẹni náà bá sì ń lo VPN (ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì), ó lè jẹ́ pé yóò tún un tò. Gbogbo wàhálà yìí, fún ohun tí a kò tíì mọ̀ bóyá Windows ni ó ṣe é! Títún Windows tò láti ìbẹ̀rẹ̀ kò tilẹ̀ yẹ ní dídárúkọ ní alẹ́ yìí.

Alátẹ̀wé, ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ohun tí ẹ kọ. Iná náà funfun, èyí tí ó fi hàn pé káàdì náà lè tàn, kò bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ jáde lójú kọ̀ǹpútà nígbà tí ó kú, ọ̀rọ̀ tún jáde nígbà tí ó tàn padà. Bí ó bá jẹ́ pé driver, ètò tí Windows fi ń bá káàdì sọ̀rọ̀, ni ó ṣubú, káàdì náà ìbá kàn pòórá ni, ọ̀rọ̀ yẹn kò sì ní jáde. Ohun tí ó ń jáde ni ọ̀rọ̀ tí Windows máa ń sọ nígbà tí ènìyàn bá tẹ bọ́tìnì. Lójú tèmi, ẹnìkan ṣì ń tẹ F12 yín, bí kì í bá ṣe yín, a jẹ́ pé ohun kan ti há sábẹ́ rẹ̀ nígbà tí ẹ ń nu kíbọ́ọ̀dù. Aṣọ tútù a máa sọ eruku di ẹrẹ̀, á sì tì í wọ ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnì.

Ẹ pa laptop náà. Nípa pípa, n kò ní lọ́kàn pé kí ẹ kàn tẹ Shut down, nítorí pé ohun kan wà nínú Windows tí wọ́n ń pè ní Fast Startup, tí ó ń tọ́jú apá kan iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ kí ó lè yára dìde lọ́jọ́ kejì. Ẹ lè rò pé ẹ ti pa á, kí ó sì jẹ́ pé ó kàn ń tòògbé. Ẹ di Shift mú nígbà tí ẹ bá ń tẹ Shut down, ìyẹn ni pípa tòótọ́. Ẹ yọ wáyà iná, kí ẹ sì di bọ́tìnì tí a fi ń tan laptop mú fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kí iná tí ó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ lè lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí ó gbẹ gbá àyíká F12 náà. Ẹ má fi ọbẹ tàbí abẹ́rẹ́ gbé bọ́tìnì náà sókè. Ìkọ́ ike tí ó dì í mú kéré, bí ó bá sì ṣẹ́, ó di kíbọ́ọ̀dù tuntun.


Àgbẹ̀ Kóòdù
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:40 àárọ̀

Mo gbà pẹ̀lú Bàbá Àtúnṣe, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí a fi lè mọ̀ láìsí àníàní bóyá ìta ni wọ́n ti ti ilẹ̀kùn yẹn tàbí inú. Linux, ètò ìdarí kọ̀ǹpútà mìíràn tí kì í ṣe Windows, ni èmi ń lò, a sì ní àṣẹ kan tí ń jẹ́ rfkill. Ẹni tí kò ní Linux lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti orí flash láì fọwọ́ kan Windows rárá. Bí ẹ bá ṣí Terminal, ojú ewé tí a ti ń kọ àṣẹ, tí ẹ sì kọ

rfkill list

ohun tí ẹ óò rí jọ èyí:

0: phy0: Wireless LAN
    Soft blocked: no
    Hard blocked: yes

Ìlà méjì ìsàlẹ̀ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Soft ni ìdíwọ́ tí ó ti inú ètò kọ̀ǹpútà wá, àṣẹ kan ṣoṣo, rfkill unblock all, sì ti tó láti mú un kúrò. Hard ni ìdíwọ́ tí ó ti ara ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ wá, kò sì sí àṣẹ tí a lè kọ tí yóò ṣí i. Ọwọ́ ni a fi ń ṣí i, lórí bọ́tìnì. Ó ti ju ìgbà kan lọ tí mo rí ènìyàn tí ó fi ọjọ́ méjì gbáko máa wá driver kiri nígbà tí Hard blocked: yes wà níwájú rẹ̀ gedegbe.

Fún lílò ojoojúmọ́, nmcli radio wifi off ni mo fi ń pa Wi-Fi, nmcli radio wifi on ni mo sì fi ń tan án. Bluetooth ní tirẹ̀, bluetoothctl power off. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé mo lè pa ọ̀kan láìdí èkejì lọ́wọ́.

Bàbá Àtúnṣe, ṣé ẹ rántí àwọn laptop àtijọ́ wọ̀nyẹn tí bọ́tìnì pẹlẹbẹ wọn máa ń ṣẹ́ sí ipò pípa?


Bàbá Àtúnṣe
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:15 àárọ̀

Háà, mo rántí wọn dáadáa! Káàdì Mini PCIe ni wọ́n ń lò, ẹsẹ̀ ogún lára káàdì náà ni bọ́tìnì yẹn fi ń sọ fún un pé kí ó panu mọ́. Nígbà tí bọ́tìnì bá ṣẹ́ tí a kò sì rí òmíràn rà, a máa ń gé téèpù tín-ín-rín kan bí ìpẹ́ ẹja, a ó fi bo ẹsẹ̀ ogún náà nìkan, a ó sì ti káàdì padà sí àyè rẹ̀. Káàdì náà kò ní gbọ́ àṣẹ ìpanumọ́ mọ́, Wi-Fi yóò wà ní títan láti ìhà ẹ̀rọ títí ayé. Àmọ́ ẹ̀bùn wà nínú fífi téèpù náà sí ibi tí ó yẹ. Ẹni tí ó bá bo ẹsẹ̀ mìíràn mọ́ ọn ti dá wàhálà mìíràn sílẹ̀.

N kò ní gba Alátẹ̀wé nímọ̀ràn pé kí ó dán irú rẹ̀ wò o.


Alátẹ̀wé
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:33 ọ̀sán

Ẹ̀yin ará, ó ti ṣiṣẹ́!

Mo ṣe bí Bàbá ṣe wí. Kí n tó dojú rẹ̀ dé, mo fi ìka ra orí ìlà òkè náà láti F9 dé F12, mo sì rí i pé F12 rẹlẹ̀ ju àwọn yòókù lọ níwọ̀nba, bí eyín tí ó sún wọlé. Ojú lásán kò lè rí i, ìka ni ó mọ̀ ọ́n. Mo gbá a pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tí a fi ń kun ọ̀dà, èyí tí n kò tíì lò rí, nǹkan bí ìyàngbò búrẹ́dì kan tí ó ti gan sì já bọ́ sórí tábìlì. Ó dún kẹ́, bọ́tìnì náà gbéra. Nígbà tí mo tan laptop náà, iná rẹ̀ pọ́n síbẹ̀, mo tẹ F12 lẹ́ẹ̀kan, ó funfun, mo ka ẹẹ́wàá, mo ka ogún, kò yí padà. Mouse mi jí kí n tó rántí pé ó wà níbẹ̀.

Ó ku ìbéèrè mi kejì. Ibo ni kí n ti máa pa Wi-Fi nígbà tí mo bá ń kọ̀wé? Mouse náà ń kọ́? N kò fẹ́ kí ó bá a lọ.


Olùṣọ́ Òru
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:10 ọ̀sán

Ẹ kú oríire o, Alátẹ̀wé. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ máa lo bọ́tìnì Wi-Fi nínú àpótí tí Ìyá Ìbejì júwe, kí ẹ fi Bluetooth sílẹ̀ ní títan, kí ẹ sì jìnnà sí ibi kẹta tí Bàbá mẹ́nu bà. Ẹ̀gbọ́n mi kan tẹ Disable lórí Wi-Fi ní ojú ewé Network Connections, ó sì gbàgbé pé òun ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá ti tẹ Disable, bọ́tìnì Wi-Fi fúnra rẹ̀ yóò pòórá nínú àpótí náà, kì í ṣe pé yóò kú, n ló fi di pé ẹ̀gbọ́n mi gbà pé káàdì òun ti jóná, tí ó sì ń múra àtirà òmíràn kí n tó débẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú R, mo kọ ncpa.cpl, mo tẹ Enable, ó parí.

Ẹ sì jẹ́ kí a fi ìyàtọ̀ sí pípa àti jíjá. Tí ẹ bá tẹ Disconnect, ẹ kàn kúrò lórí nẹ́tíwọ̀kì kan ni, rédíò inú káàdì náà ṣì ń ṣiṣẹ́, ó ṣì ń wá àwọn orúkọ tí ó mọ̀ kiri, ó sì lè lẹ̀ mọ́ òmíràn bí wọ́n bá ti sọ fún un pé kí ó máa ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Pípa ni kí ẹ pa á bí ẹ bá fẹ́ ìdákẹ́jẹ́.

Ní ti bátìrì, n kò rò pé ẹ óò rí èrè púpọ̀ níbẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà tí ó mọ́lẹ̀ gbòò ń jẹ iná ju káàdì yìí lọ fíìfíì, bí ẹ bá dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù, ẹ óò jèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ààbò ni èmi ń wò. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, wọ́n kéde àwọn àlébù kan tí wọ́n pè ní BlueBorne, tí ẹni tí ó wà nítòsí fi lè wọ inú ẹ̀rọ ẹlòmíràn nígbà tí Bluetooth rẹ̀ bá sáà ti wà ní títan, láìjẹ́ pé ẹni náà gba ohunkóhun mọ́ra. Wọ́n ti tún un ṣe fún àwọn tí ń gba àtúnṣe déédéé, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pa Bluetooth ní ibi tí èrò bá pọ̀ sí. Ẹni tí mouse rẹ̀ gbára lé e yóò fi ọgbọ́n tirẹ̀ ṣe é.


Ayàwòrán
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:26 ọ̀sán

Ẹ forí jì mí pé mo já wọ inú ọ̀rọ̀ yín. MacBook ni mo ń lò, mo sì ti wá Airplane mode lórí rẹ̀ títí, n kò rí i. Ìṣòro mìíràn tí mo ní ni pé orin máa ń ta kókó nínú earpiece Bluetooth mi nígbà tí mo bá ń gba fáìlì ńlá. Ṣé àwọn méjèèjì tan mọ́ ara wọn?


Àgbẹ̀ Kóòdù
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:58 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kò rí Airplane mode nítorí pé macOS, ètò tí ó ń darí Mac, kò ní in. Ẹ óò pa Wi-Fi lọ́tọ̀, ẹ óò pa Bluetooth lọ́tọ̀, nínú Control Center tí ó wà lókè lápá ọ̀tún, èyí tí ó dé sórí Mac pẹ̀lú Big Sur ní ọdún 2020. Bí ẹ bá fẹ́ràn àṣẹ kíkọ bí èmi, networksetup -setairportpower en0 off yóò pa Wi-Fi, ẹ óò sì fi on rọ́pò off nígbà tí ẹ bá fẹ́ ẹ padà. Lórí MacBook, en0 ni Wi-Fi sábà máa ń jẹ́.

Ní ti orin tí ń ta kókó, ó ṣeé ṣe kí wọ́n tan mọ́ ara wọn. Bluetooth ń ṣiṣẹ́ lórí 2.4 GHz, Wi-Fi náà lè wà lórí 2.4 GHz kan náà, eriali kan náà sì ni wọ́n lè máa pín lò, nítorí náà bí ọ̀kan bá ń gbé ẹrù ńlá, èkejì a máa dúró fún un. Láti ọdún 2003 ni wọ́n ti fún Bluetooth ní ọgbọ́n tí ó fi ń fò kúrò ní ibi tí Wi-Fi bá ti gba àyè, ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà ní ibi tí ó mọ. Bí router yín bá ní 5 GHz, ẹ gbé laptop náà lọ síbẹ̀ kí ẹ sì gbọ́ bóyá orin náà ti dán.


Ìyá Ìbejì
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:04 alẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, ohun kan ṣoṣo tí n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ: lórí kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ mi, Wi-Fi máa ń kú fúnra rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo bá ki wáyà nẹ́tíwọ̀kì bọ̀ ọ́, ó sì máa ń padà bí mo bá yọ wáyà náà. Mo ti fi ọ̀sẹ̀ kan rò pé ó ń ṣàìsàn. Ṣé òun náà ní bọ́tìnì tirẹ̀ ni?


Bàbá Àtúnṣe
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:31 alẹ́

Kò ṣàìsàn, Ìyá Ìbejì. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ inú BIOS, ètò ìpìlẹ̀ tí kọ̀ǹpútà fi ń jí kí Windows tó dé, ni wọ́n ti sọ fún un pé bí wáyà bá ti wọlé, kí Wi-Fi jáde, kí kọ̀ǹpútà má baà dúró lórí nẹ́tíwọ̀kì méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ ni ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ bi ẹni tí ń bójú tó kọ̀ǹpútà yín níbẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. N kò kà á mọ́ àwọn ibi mẹ́ta tí mo dárúkọ lánàá, ẹ sì ti mú mi níbẹ̀.

Ohun mìíràn tí ó jọ ọ́: bí Wi-Fi kò bá padà lẹ́yìn tí laptop bá jí láti ojú oorun, ẹ ṣí Device Manager, ẹ wá káàdì Wi-Fi, ẹ lọ sí Power Management, kí ẹ sì yọ àmì kúrò níwájú ìlà tí ó gba Windows láyè láti pa káàdì náà kí ó lè fi iná pamọ́. Kì í ṣe orí gbogbo laptop ni ẹ ti máa rí ojú ewé náà.


Alátẹ̀wé
Ọjọ́rú, 9:18 alẹ́

Mo padà wá ròyìn. Mo pa Wi-Fi nìkan láti inú àpótí náà lánàá, mo fi Bluetooth sílẹ̀, mo sì jókòó kọ̀wé fún wákàtí mẹ́ta gbáko. Lálẹ́ yìí ni mo fi ìgboyà tẹ F12 fúnra mi. Mouse dákẹ́, bí mo ṣe retí. Mo di Windows mú, mo tẹ A, mo fi olọ́fà rìn dé orí Bluetooth, mo tan òun nìkan padà nígbà tí Airplane mode ṣì wà ní títan. Mo tẹ F12 kí Airplane mode lè kú, nígbà tí mo sì tún tẹ̀ ẹ́ kí ó lè tàn padà láti dán an wò, mouse kò dákẹ́ mọ́: Windows 11 ti rántí pé mo fẹ́ Bluetooth nínú Airplane mode, Wi-Fi nìkan ni ó pa.

F12 náà ṣì rọ̀ díẹ̀ lábẹ́ ìka ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Búrẹ́dì kò dé ẹ̀gbẹ́ tábìlì yẹn mọ́.